Ọkùnrin tó dorí kodò: bí a ṣe ń ka àmì tarot nínú àwòrán òde òní

Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti àǹtí mi lọ wo ìpàtẹ àwòrán kan ní Maitama, níbí ní Abùjá. Adìrẹ ni àǹtí mi ń tà ní ọjà Wuse, Kubwa ni wọ́n ń gbé, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wọn ṣeré. A ti wo àwòrán bíi mẹ́wàá kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan tó ga tó ènìyàn. Ọkùnrin kan ni wọ́n yà síbẹ̀, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ aró, wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ òpó iná mànàmáná, ó dorí kodò. Ó ká ẹsẹ̀ kejì kọjá lẹ́yìn èyí tí wọ́n so. Fìlà rẹ̀, irú èyí tí àwọn Hausa máa ń dé, ti já sílẹ̀. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ tutù bí ojú ẹni tó ń sinmi. Òbìrí funfun ńlá kan wà lẹ́yìn orí rẹ̀, àwọn ẹ̀kán funfun kéékèèké sì yí òbìrí náà ká. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ XII.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Àǹtí mi gbá mi lápá mú. "Ọmọ mi, jẹ́ ká kúrò níbí. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ló ni eléyìí."

Ọ̀dọ́kùnrin méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀kan ti ka pépà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì ń là á yé ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Tarot ni wọ́n ń pè é. Ifá àwọn Òyìnbó."

Àwọn méjèèjì ò purọ́, ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bí àǹtí mi ṣe sọ ọ́, kò sì rí bí ọ̀dọ́kùnrin yẹn ṣe sọ ọ́. Àmì tarot ti wá pọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà báyìí, ó wà lára ògiri, ó wà lára aṣọ, ó wà lórí fóònù àwọn ọmọ wa, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń sá fún àwòrán tí wọn ò tíì kà. Mo bẹ àǹtí mi pé kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà láàrin yàrá náà. Ohun tí mo sọ fún wọn níbẹ̀ ni mo ń kọ síbí, pẹ̀lú èyí tí mi ò ráyè sọ.

Káàdì ni tarot. Ẹni tó bá ti ta Whot rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Nínú Whot, a ní òbìrí, a ní onígun mẹ́ta, a ní ìràwọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni 20 wà, tó ń pàṣẹ fún gbogbo ìyókù. Tarot ò jìnnà sí i. Káàdì 78 ló wà nínú odidi kan. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nínú wọn pín sí ìdílé mẹ́rin: ọ̀pá, ife, idà àti owó wúrà. Méjìlélógún tó kù ni aláṣẹ, wọn ò bá ìdílé kankan tan, àwòrán ńlá ló sì wà lójú wọn: Olorì, Oòrùn, Òṣùpá, Ilé Ìṣọ́, Ikú, Ìdájọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn 22 yìí ni àwọn ayàwòrán fẹ́ràn jù. Ìkejìlá nínú wọn ni ọkùnrin tó dorí kodò.

Àríwá ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní nǹkan bí ọdún 1440, eré ni wọ́n sì fi ń ṣe. Àwọn ọlọ́lá ń ta á láàfin bí àwọn bàbá wa ṣe ń ta ayò lábẹ́ igi. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìdílé Visconti àti Sforza, tí wọ́n jọba ní Milan, ṣì wà dòní. Apá kan rẹ̀ wà ní New York, apá kan wà ní Bergamo ní Ítálì, wúrà gidi ni wọ́n sì fi lẹ ẹ̀yìn àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Fún bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ayò ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí.

Káàdì títa fúnra rẹ̀, àwọn Òyìnbó kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí Íjíbítì ni wọ́n ti gbà á, láyé ìjọba àwọn Mamluk. Àkójọ kan tí àwọn Mamluk ṣe wà ní ààfin Topkapı ní Istanbul, ìdílé mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀: ife, owó, idà, àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá pólò. Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya mọ pólò. Wọ́n ń gbá a ní Kaduna, wọ́n ń gbá a ní Katsina, wọ́n ń gbá a ní Abùjá. Àwọn tó gba káàdì náà ní Ítálì nígbà yẹn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n wo ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu yẹn títí, wọ́n bá yà á bí ọ̀pá lásán. Nígbà tó pẹ́, àwọn mìíràn sọ ọ́ di ọ̀pá oṣó. Mo rí i tí àǹtí mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọn ò ní dìde mọ́.

Ọdún 1781 ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Ará Faransé kan, Antoine Court de Gébelin, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbọ́n àwọn àlùfáà Íjíbítì àtijọ́ ni wọ́n fi pamọ́ sínú káàdì yìí. Kò ní ẹ̀rí. Kò tilẹ̀ lè ní in, torí ọdún 1822 ni Champollion tó rí ọ̀nà tí a lè gbà ka ohun tí àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì kọ sára òkúta. Ṣùgbọ́n ìtàn náà dùn, ó sì ràn bí iná inú ọyẹ́. Ọkùnrin kan ní Paris, Alliette, kọ orúkọ ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó di Etteilla, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì wo ọjọ́ iwájú fún àwọn èèyàn, ó ń gbowó. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, Éliphas Lévi so káàdì 22 mọ́ lẹ́tà 22 tó wà nínú èdè Hébérù. Nígbà tó fi máa di 1888, ẹgbẹ́ awo kan tí wọ́n ń pè ní Golden Dawn ti fìdí múlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi ìràwọ̀, nọ́ńbà àti orúkọ áńgẹ́lì kún un. Awo tí gbogbo ayé ń rí nínú tarot lónìí, orí ayò ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn ni a ti bá obìnrin tí mo fẹ́ kí gbogbo ayàwòrán wa mọ orúkọ rẹ̀. Pamela Colman Smith ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1878, ṣùgbọ́n Jàmáíkà ló ti lo díẹ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀, níbẹ̀ ló sì ti gbọ́ àlọ́ Anansi Aláǹtakùn, àlọ́ tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Ghana gbé sọdá òkun. Ohun tí Ìjàpá jẹ́ fún wa ni Aláǹtakùn jẹ́ fún wọn. Ní 1899 ó tẹ àwọn àlọ́ náà jáde nínú ìwé pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ ara rẹ̀. Mi ò sọ pé ilẹ̀ adúláwọ̀ ló ni tarot o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọwọ́ tó ya tarot tí gbogbo ayé mọ̀ jù lónìí, ọwọ́ apàlọ́ ni, ẹnu àwọn èèyàn dúdú ló sì ti gbọ́ lára àlọ́ rẹ̀.

Ní 1909, Arthur Edward Waite, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Golden Dawn, ní kó bá òun ya odidi káàdì 78. Kí ó tó ṣe é, bí Whot ni àwọn káàdì onínọ́ńbà rí, yàtọ̀ sí àkójọ kan láti Ítálì ní 1491: tó bá jẹ́ ife márùn-ún, ife márùn-ún náà lẹ máa rí, ó tán. Obìnrin yìí fi ènìyàn sí gbogbo wọn. Ẹ wo ife márùn-ún tirẹ̀. Ọkùnrin kan dúró nínú agbádá dúdú, ó sorí kọ́. Ife mẹ́ta ti dànù níwájú rẹ̀. Ife méjì ṣì dúró ṣinṣin lẹ́yìn rẹ̀, kò rí wọn, torí kò bojú wẹ̀yìn. Odò kan ń ṣàn lọ́ọ̀ọ́kán, afárá wà lórí odò náà, ilé wà lódì kejì. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sin òkú rí mọ ọkùnrin yẹn. Idà mẹ́ta ńkọ́? Ọkàn pupa kan ni, idà mẹ́ta gún un kọjá, òjò ń rọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ní, "Ó ń dùn ún."

Obìnrin yìí kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alfred Stieglitz, ayàwòrán onífótò ní New York, pé iṣẹ́ ńlá gan-an lòun ṣe, owó táṣẹ́rẹ́ ló sì tibẹ̀ wá. Tálákà ló kú sí ní 1951. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ Waite àti ti ilé ìtẹ̀wé Rider ni wọ́n fi ń pe káàdì náà, bí ẹni pé kò sí ọwọ́ tó yà á. Àmì orúkọ rẹ̀ wà ní igun káàdì kọ̀ọ̀kan, ó kéré, ó lọ́ mọ́ra bí ejò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn tà á mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára. Àìpẹ́ yìí ni àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ kún un bó ṣe yẹ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo bi àǹtí mi léèrè bóyá wọ́n rántí àrokò.

"Mo rántí kẹ̀! Ìyá mi àgbà sọ ọ́ fún wa. Owó ẹyọ méjì tó kojú síra, ìfẹ́ ni. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ."

Mo fi kún un pé ẹ̀jọ, ẹyọ mẹ́jọ, a ti jọ fẹnu kò nìyẹn. Owó ẹyọ kò sọ̀rọ̀. Ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á ni wọ́n jọ mọ ohun tó túmọ̀ sí, ẹni tó bá sì jí i lójú ọ̀nà, ẹyọ lásán ló mú. Bí àwọn ayàwòrán òde òní ṣe ń lo tarot gan-an nìyẹn. Àrokò ni. Ayàwòrán mọ̀ pé àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ti mọ káàdì kejìlá, ó wá rán an, ṣùgbọ́n ó yí nǹkan kan padà níbẹ̀, ohun tó yí padà yẹn ló sì fẹ́ kí ẹ kà.

Ẹ jẹ́ ká ka ọkùnrin tó dorí kodò. Ní Ítálì ìgbà náà, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń yà bẹ́ẹ̀; orúkọ tí wọ́n sì ń pe káàdì náà láyé àtijọ́ nìyẹn, Ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó bá da ìlú tí ó sì sá lọ, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ tó so rọ̀ sára ògiri gbangba kí gbogbo ayé lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Botticelli pàápàá, ọ̀gá àwọn ayàwòrán, gba irú iṣẹ́ yẹn ní Florence ní 1478 lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ìdílé Pazzi. Ìtìjú ni àwòrán náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé ọwọ́ Smith, igi tí wọ́n so ọkùnrin náà mọ́ ti yọ ewé, ìmọ́lẹ̀ yí orí rẹ̀ ká, ojú rẹ̀ sì balẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ti di ẹni tó dúró sójú kan tó ń fi ojú mìíràn wo ayé. Ó wá dé ọwọ́ ọmọ Abùjá, igi náà di òpó iná. Ta ni nínú wa tí kò tíì so rọ̀ sórí òpó yẹn rí, tó ń retí kí iná dé? Ọmọ yìí kò wo ọjọ́ iwájú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wa ló fi àrokò àgbà kan rán.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn onígbàgbọ́ lẹ́nu. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán yẹn ti wá, torí àwọn Kristẹni ló ń gbé ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Mo ṣí káàdì Ìdájọ́ fún àǹtí mi lórí fóònù: áńgẹ́lì ń fun kàkàkí, àwọn òkú ń dìde nínú pósí. Mo ṣí káàdì tó kẹ́yìn, Ayé: ènìyàn, idì, màlúù àti kìnnìún wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí n tó lanu, wọ́n ti ní, "Ìsíkíẹ́lì nìyẹn. Ó tún wà nínú Ìfihàn, orí kẹrin." Mo ṣí Àlùfáà Obìnrin. Ó jókòó láàrin òpó méjì, B wà lára ọ̀kan, J wà lára èkejì. Wọ́n ronú díẹ̀. "Bóásì àti Jákínì. Tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì." Wọ́n tún gba fóònù náà sún mọ́ ojú. "Ó dà bí Ìbàdàndùn."

Ẹni tó bá mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ á mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bátànì Ìbàdàndùn ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, ṣíbí sì wà láàrin àwọn òpó náà. Àwọn ìyá wa kì í ya òpó lásán. Ìlú kan àti ìgbéraga rẹ̀ ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ yà sára aṣọ. Àǹtí mi ti ń ka irú àwòrán yìí láti ogójì ọdún, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tí kò lè kà á.

Kí n tó kúrò lórí orúkọ: káàdì kẹẹ̀ẹ́dógún, tó jẹ́ oníwo tó fi ṣẹ́ẹ̀nì de ọkùnrin àti obìnrin, ẹ má ṣe pè é ní Èṣù. Sàtánì ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló kó wa sí wàhálà yẹn, kò sì sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ tún gbé e wọ inú iṣẹ́ ọnà. Ẹ wo ọrùn àwọn méjèèjì dáadáa tí ẹ bá rí káàdì náà. Ṣẹ́ẹ̀nì ọ̀hún fẹ̀ débi pé wọ́n lè bọ́ ọ fúnra wọn.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ní Ifá àwọn Òyìnbó ni ńkọ́? Mo mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n nǹkan méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni. Odù 256 ló wà nínú Ifá. Tí babaláwo bá tẹ̀ ẹ́ sínú ìyẹ̀rosùn, ilà ẹyọ kan tàbí ilà méjì lẹ máa rí, kò sí ènìyàn níbẹ̀, kò sí ẹranko. Ẹsẹ ló gbé ìmọ̀ náà dání, ẹsẹ tí wọ́n kọ́ sórí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lọ́dọ̀ olúwo, tí ẹnì kan ò sì lè jókòó sílé kó hun tirẹ̀. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá mọ́ ara àwọn ogún ńlá tí aráyé ní. Tarot kò ní ẹsẹ. Àwòrán ló ní, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó kó sọ ohun tó rí. Tí a bá fẹ́ wá ìbátan Ifá ní ti tòótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn àáfà tó ń tẹ yanrìn ni ká lọ: àmì 16 ni wọ́n ń lò, bí ojú odù tiwa ṣe jẹ́ 16.

Òkè Ọya tí a wà yìí náà ní iṣẹ́ ọnà awo tirẹ̀, kò sì ní ènìyàn nínú rárá. Ẹ wo tírà tí ó ṣí, ẹ ó rí àpótí tí wọ́n pín sí ihò kéékèèké, tí nọ́ńbà tàbí lẹ́tà Lárúbáwá wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Hatimi ni àwọn Hausa ń pè é. Èyí tó kéré jù ní ihò mẹ́sàn-án: 2, 7, 6 lókè, 9, 5, 1 láàrin, 4, 3, 8 nísàlẹ̀. Ẹ rò ó láti ọ̀tún, láti òkè, láti igun dé igun, 15 náà ni yóò máa jẹ́. Ọmọ Katsina kan, Muhammad ibn Muhammad al-Kishnawi, Fúlàní, kọ odidi ìwé lórí bí a ṣe ń to irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, Káírò ló sì kú sí ní 1741. Ìṣirò ni, ẹwà ni, awo sì ni lójú àwọn tó gbà á gbọ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Abùjá mọ ọkùnrin yẹn bí wọ́n ṣe mọ tarot. Ibì kan náà yìí, ní Zaria, ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ti pinnu ní 1958 pé àwọn á mú ohun tó dára nínú ẹ̀kọ́ Òyìnbó, àwọn á sì pò ó pọ̀ mọ́ tiwa. Ẹni tó ya òpó iná yẹn, ọmọ-ọmọ ìpinnu yẹn ni, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Àǹtí mi wá bèèrè ìbéèrè tí mo ti ń retí. "Ṣé àwọn tó ń yà á gbà á gbọ́?"

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Hilma af Klint, ará Sweden, gbà á gbọ́ tọkàntọkàn pé àwọn ẹ̀mí ló ní kí òun yàwòrán. Láàrin 1906 sí 1915 ó ya 193 fún tẹ́ńpìlì kan tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fi hàn ẹnikẹ́ni títí ogún ọdún lẹ́yìn ikú òun, ó sì kú ní 1944. Nígbà tí ilé ọnà Guggenheim ní New York pàtẹ rẹ̀ ní 2018 wọ 2019, èèyàn tó lé ní 600,000 ló wá wò ó. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, kúrò ní Austria wá sí ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí 1950, ó di olórìṣà ní tòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì kún igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ní ti Àdùnní, ẹ ò lè ya iṣẹ́ ọnà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sìn.

Leonora Carrington, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ gbé Mẹ́síkò, ya àwọn 22 fún ara rẹ̀ ní nǹkan bí 1955, ó fi wúrà àti fàdákà sí i, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2011 ni ayé tó rí wọn dáadáa. Ìpàtẹ ńlá Venice ti 2022 fi àkọlé ìwé rẹ̀ kan ṣe orúkọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayàwòrán ti túbọ̀ dojú kọ nǹkan awo.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tarot tó wù mí jù láyé ni ọgbà Niki de Saint Phalle ní Capalbio, ní Ítálì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un ní ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó sì tó 1998 kó tó ṣí i fún ará ìlú. Ó kọ́ àwọn káàdì 22 ní ère tí ẹ lè rìn wọ inú wọn, ó fi àwo alárànbarà àti dígí bò wọ́n. Olorì jókòó bí ìyá ńlá, inú ère náà sì ni Niki gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún: ọmú kan ni yàrá tó ń sùn, ọmú kejì ni ilé ìdáná, gbogbo ògiri inú rẹ̀ jẹ́ wẹ́wẹ́ dígí. Ó ṣe lọ́fíńdà, ó tà á kó lè rówó parí iṣẹ́. Mo máa ń ronú nípa obìnrin yẹn, tó ń se oúnjẹ nínú àyà Olorì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló wà pé kí oníṣẹ́ ọnà má gba nǹkan náà gbọ́ rárá, kó sì lò ó dáadáa. Ní 1964, Ben Enwonwu ṣe ère Ṣàngó síwájú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, ní Èkó. Ọmọ Onitsha ni. Kò sẹ́ni tó rò pé àwọn akọ̀wé ibẹ̀ ń bọ Ṣàngó kí wọ́n tó wọ ọ́fíìsì. Iná ni wọ́n ń tà, ẹni tó ni mànàmáná ni wọ́n gbé síwájú ilé, gbogbo wa ló kà á, ó yé wa.

Mo sọ èrò tèmi fún àǹtí mi láìfi bò. Èmi ò gbà pé káàdì kankan mọ ọ̀la, tí ẹnì kan bá sì ní kí ẹ sanwó kí òun fi wo àyànmọ́ yín, ẹ pa owó yín mọ́. Ṣùgbọ́n wíwo àwòrán kì í ṣe dídífá. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà àwọn ará Róòmù lábẹ́ àwòrán kan, láti I dé XXI, tí ènìyàn inú rẹ̀ sì dúró bí ẹni tó ní ìtàn, ẹ wá káàdì tó ní nọ́ńbà yẹn lórí fóònù yín. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo ohun tí ayàwòrán fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá wo ohun tó pààrọ̀. Ibi tó pààrọ̀ ni kí ẹ pẹ́ sí.

A dìde. Mo rò pé ilé là ń lọ, àfi bí àǹtí mi ṣe padà síwájú ọkùnrin tó dorí kodò. Wọ́n yọ gíláàsì wọn nínú báàgì, wọ́n wò ó pẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn pé òbìrí funfun tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí Smith yà ní 1909, irú èyí tí wọ́n máa ń yà sórí àwọn ẹni mímọ́.

"Rárá," ni wọ́n wí. Wọ́n na ìka sí àwọn ẹ̀kán kéékèèké yẹn láìfọwọ́ kàn án. "Wo bó ṣe hun jọ ní etí. Ìko ni wọ́n fi di í kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ọmọ yìí sì mọ bó ṣe ń rí. Òṣù bàǹbà ni. Òṣùpá ńlá, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ tó yí i ká. Mo ní i ní ṣọ́ọ̀bù, yáàdì márùn-ún ló kù."